Sínsin Oyin Nílùú Ìbàdàn: Irú Àpótí Tó Yẹ, Ibi Tó Yẹ Ká Gbé E Sí àti Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Rẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí yóò lá oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Bí ọ̀rọ̀ oyin ṣe rí nílẹ̀ wa láyé àtijọ́ gan-an nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ oyin yóò fi àáké la igi, yóò fi ògùṣọ̀ jó àwọn kòkòrò tó ṣiṣẹ́ rẹ̀, yóò sì kó afárá tòun tọmọ inú rẹ̀ lọ sílé. Ọwọ́ ẹni náà tẹ oyin lóòótọ́, ṣùgbọ́n agbo oyin yẹn ti parẹ́, kò sì ní bá nǹkan kan níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Sínsin oyin yàtọ̀ sí èyí. Ẹni tó ń sin oyin ń kọ́lé fún un, ó ń ṣọ́ ọ, ó ń gba ìpín tirẹ̀, ó sì ń fi ìpín oyin sílẹ̀ fún oyin.

Ẹni tó bá fẹ́ fi oyin sínsin ṣe iṣẹ́ ìgbafẹ́, yálà òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì ni o, yálà olùkọ́ tàbí oníṣòwò, ìbéèrè mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ dáhùn kó tó náwó: Irú oyin wo ló wà nílẹ̀ wa? Níbo ni kí n gbé àpótí sí? Irú àpótí wo ni kí n rà? Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ìbéèrè kẹta. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ìdáhùn ìbéèrè méjì àkọ́kọ́ ló ń sọ ìkẹta.

ÌWÀ OYIN ILẸ̀ WA

Oyin tó wà ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni àwọn onímọ̀ ń pè ní Apis mellifera adansonii. Ìbátan ni òun àti oyin àwọn aláwọ̀ funfun, ṣùgbọ́n ìwà wọn kò dọ́gba. Oyin tiwa kéré lára díẹ̀, ara rẹ̀ kì í gba ìyọlẹ́nu, ó sì máa ń tú jáde lọ́pọ̀ yanturu láti gbèjà ilé rẹ̀. Bí ebi, ooru, èèrà tàbí ìyọlẹ́nu bá sì pọ̀ fún un, yóò kó gbogbo ẹrù rẹ̀, yóò fi àpótí sílẹ̀ ní òfìfo. Kì í ṣe ìkà ló ń ṣe. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ẹranko igbó, ìjàlọ àti ọmọ ènìyàn tó mú iná dání ti ń kó o lẹ́rù lọ, èyí tó sì gbóná lára wọn ló ṣẹ́ kù.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Bùràsíìlì. Ní ọdún 1956, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń jẹ́ Warwick Kerr kó àwọn ayaba oyin láti gúúsù àti ìlà-oòrùn Áfíríkà lọ síbẹ̀, kí wọ́n lè máa ṣe oyin púpọ̀ fún àwọn àgbẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, díẹ̀ nínú wọn bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n sì gun oyin àwọn aláwọ̀ funfun tó wà níbẹ̀. Ìran wọn tàn ká débi pé ní ọdún 1990, wọ́n ti dé ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ èèyàn àti ẹran ọ̀sìn ni wọ́n ta pa lọ́nà. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn ará Bùràsíìlì yí ọwọ́ padà, tí wọ́n gbé àpótí jìnnà sílé, tí wọ́n wọ aṣọ tó nípọn, tí wọ́n sì ń lo èéfín púpọ̀, àwọn oyin kan náà ló sọ iṣẹ́ náà di ọlà fún wọn.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ kò ṣòro. Ìwé ìlú òyìnbó tó ní kí ẹ gbé àpótí oyin sẹ́yìn ilé ìdáná, kí ẹ sì ṣí i lọ́sàn-án gangan láìbọ ìbọ̀wọ́, oyin tirẹ̀ ni ìwé náà ń bá wí, kì í ṣe oyin tiwa.

IBI TÓ YẸ KÁ GBÉ ÀPÓTÍ SÍ

Ẹni tó bá dúró lórí òkè Mápó, níbi tí gbọ̀ngán ìlú ti wà láti ọdún 1929, tó wo ìsàlẹ̀ lọ sí Ọjà'ba, Bẹẹrẹ àti Bẹyẹrúnká, yóò rí bí òrùlé páànù ṣe fara kan ara wọn. Agboolé wọ inú agboolé, ojúlé kan kọjú sí èkejì, àwọn ọmọdé ń ṣeré lójú agbo, ewúrẹ́ sì wà lórí ìso. Oyin pàápàá kò ṣàì sí níbẹ̀. Abẹ́ àjà ilé àtijọ́, ògiri amọ̀ tó ti la ẹnu, àgbá tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, gbogbo rẹ̀ ni ihò gbígbẹ tó ṣókùnkùn, tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sì kéré, irú èyí tí agbo oyin máa ń wá nígbà tí wọ́n bá ń ṣí kiri.

Nítorí náà, ẹlòmíràn lè rò pé níwọ̀n ìgbà tí oyin ti bá wa gbé, ohun tó kù ni ká gbé àpótí sí ẹ̀yìnkùlé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Àpótí kan tí agbo inú rẹ̀ ti dàgbà lè ní oyin ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ̀rọ amúnáwá, ewúrẹ́ tàbí òkò ọmọdé bá mú wọn bínú lọ́jọ́ kan, ẹni tó ni wọ́n lè sá wọlé ti ilẹ̀kùn. Arúgbó tó jókòó sójú agbo àti ẹran tó wà lórí ìso kò lè sá.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí máa ń gbani nímọ̀ràn pé kí àpótí jìnnà tó 200 sí 300 mítà sí ilé, ilé ìwé, ọjà, ojú ọ̀nà àti ibi tí a ń so ẹran mọ́. Kò sí ibi tí èèyàn yóò ti rí irú àyè bẹ́ẹ̀ ní Bẹẹrẹ. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa ti yanjú ọ̀rọ̀ náà kó tó ṣẹlẹ̀. Àtijọ́ ni ọmọ Ìbàdàn ti ń gbé ìgbé méjì: ilé wà nígboro, oko wà ní abúlé. Ọ̀pọ̀ agboolé ló ṣì ní ilẹ̀ ìdílé lọ́nà Akínyẹlé, Lágelú, Ẹ̀gbẹ́dá, Ọ̀nà-Àrà, Ìdó tàbí Olúyọ̀lé. Oko yẹn ni ilé oyin. Kí ẹni tó ń gbé ìgboro lọ máa sin oyin rẹ̀ lóko, kó sì gbé oyin tó fún wálé.

Lóko náà, ẹ wá abẹ́ igi tó ní òjìji díẹ̀, tí afẹ́fẹ́ ń dé, tí omi kì í dúró sí. Ẹ kọ ẹ̀yìn ẹnu ọ̀nà àpótí sí ibi tí ìjì òjò ti ń wá àti sí ipa ẹsẹ̀. Bí igbó tàbí ọgbà ewéko tó ga ju èèyàn lọ bá yí ibẹ̀ ká, òkè ni oyin yóò máa gbà fò, kò sì ní máa bá àwọn tó ń kọjá pàdé. Bí odò bá jìnnà, ẹ gbé agbada omi síbẹ̀, kí ẹ da igi wẹ́wẹ́ tàbí òkúta sínú rẹ̀ kí oyin lè rí ibi bà. Kí ẹ sì sọ fún àwọn tí oko wọn bá tiyín pààlà, nítorí pé oògùn apakòkòrò tí wọ́n bá fín sára òdòdó lọ́sàn-án lè pa gbogbo agbo. Bí wọ́n bá máa fín in, kí wọ́n ṣe é nírọ̀lẹ́ nígbà tí oyin ti wọlé.

IRÚ ÀPÓTÍ TÍ A LÈ YÀN

Oríṣi ilé oyin mẹ́ta ni ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lè rí.

Èkínní ni ti àtijọ́: ìkòkò, akèrègbè tàbí ìtí igi tí a gbẹ́ inú rẹ̀. Kò náni lówó púpọ̀, oyin sì fẹ́ràn rẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé ara ògiri rẹ̀ ni afárá máa ń lẹ̀ mọ́. Ẹ kò lè wo inú rẹ̀ láìfọ́ nǹkan, bí ẹ bá sì ń kórè, ẹ óò ba ọmọ oyin jẹ́. Ó tó ọjọ́ 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ kí ẹyin tó di oyin òṣìṣẹ́. Nígbà náà, ẹni tó bá gé afárá ọmọ dànù ti gé òṣìṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta dànù.

Èkejì ni àpótí onígi ìdábùú, èyí tí ayé mọ̀ sí àpótí Kẹ́ńyà, nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti tún un ṣe fún àwọn àgbẹ̀ Áfíríkà láàárín ọdún 1970 sí 1980, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ orílẹ̀-èdè Kánádà. Ó dà bí ọpọ́n gígùn tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì dagun, tí òkè rẹ̀ fẹ̀ ju ìsàlẹ̀ lọ. Dípò ọmọrí, igi tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n tò sórí rẹ̀ ní ìdábùú, tí wọ́n fara kan ara wọn. Abẹ́ igi kọ̀ọ̀kan ni oyin yóò so afárá kan rọ̀ sí. Ẹ lè gbé igi kan sókè, ẹ wò ó, ẹ sì dá a padà, láìyọ ìyókù lẹ́nu.

Ẹ̀kẹta ni àpótí Langstroth. Pásítọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, Lorenzo Langstroth, ló gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní ọdún 1852. Ohun tó rí ni pé àyè tí oyin máa ń fi sílẹ̀ láti rìn kọjá jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 6 sí 9. Bí àyè bá kéré jù ú lọ, wọn yóò fi oje igi dí i; bí ó bá tóbi jù ú lọ, wọn yóò fi afárá kún un. Ó wá kan férémù tó yọ wọlé yọ jáde, tí àyè yẹn yí ká. Àpótí yìí ni wọ́n ń lò jù lágbàáyé. A lè fi ẹ̀rọ yí oyin jáde nínú afárá, ká sì dá afárá padà kí oyin má ṣẹ̀ṣẹ̀ máa mọ òmíràn. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga, ẹ̀rọ tó ń yí i ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, bí káfíńtà bá sì ṣi ìwọ̀n mú díẹ̀, gbogbo férémù yóò lẹ̀ mọ́ra.

Fún ẹni tó fi iṣẹ́ yìí ṣe ìgbafẹ́, tí kò sì fẹ́ ju àpótí méjì sí márùn-ún lọ, àpótí onígi ìdábùú la fọwọ́ sí. Owó rẹ̀ mọ níwọ̀n, kò nílò ẹ̀rọ, afárá rẹ̀ máa ń so rọ̀ sí ìwọ̀n ìbàdí ẹni, kò sì ní kí ẹ gbé ẹrù wúwo. Oyin rẹ̀ lè má pọ̀ tó ti Langstroth, ṣùgbọ́n ìda yóò pọ̀ níbẹ̀, ìda náà sì ń tà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àpótí méjì, kì í ṣe ọ̀kan. Bí agbo kan bá ṣí lọ, èkejì wà. Bí ọ̀kan bá ń ṣàìsàn, ẹ óò rí èyí tí ẹ lè fi wé e.

ÌWỌ̀N TÍ KÁFÍŃTÀ KÒ GBỌ́DỌ̀ ṢÌ

Ẹ lè ra pákó ní ọjà pákó Bódìjà, kí ẹ fún káfíńtà àdúgbò yín ṣe. Kí pákó náà ti gbẹ dáadáa, nítorí pé pákó tútù yóò lọ́ bí ó bá yá. Kí ẹ má sì fi oògùn ikán tàbí ọ̀dà kun inú rẹ̀.

Ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ dúró ti káfíńtà lé lórí: kí ìbú igi ìdábùú kọ̀ọ̀kan jẹ́ mìlímítà 32 géérégé. Láti àárín afárá kan dé àárín èkejì, ìwọ̀n tí oyin tiwa ń lò nìyẹn. Ti oyin àwọn aláwọ̀ funfun jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 35. Bí ẹ bá lo ìwọ̀n òyìnbó, afárá yóò máa yẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kúrò lábẹ́ igi tirẹ̀, nígbà tó bá fi di igi kẹwàá, yóò ti so igi méjì pọ̀, àǹfààní àpótí náà sì ti parẹ́. Igi 27 tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 48 yóò bo àpótí tí gígùn inú rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 86 lọ. Kí jíjìn rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 30. Ẹ fi ìda yíyọ́ fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ sí àárín abẹ́ igi kọ̀ọ̀kan, kí oyin lè mọ ibi tí yóò so afárá rọ̀ sí. Kí ihò ẹnu ọ̀nà má ga ju mìlímítà 8 tàbí 10 lọ, kí alángbá má baà wọlé. Páànù tí ẹ bá fi bo òkè rẹ̀, ẹ fi koríko gbígbẹ sáàárín òun àti igi nítorí ooru.

Ẹ fi wáyà so àpótí náà rọ̀ sáàárín òpó méjì ní ìwọ̀n mítà kan sílẹ̀, kí ẹ sì fi gírísì pa wáyà náà. Bí ẹ bá gbé e lé orí ẹsẹ̀, ẹ ki ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan bọ inú agolo tí ọ́ìlì àlòkù wà nínú rẹ̀, nítorí ìjàlọ. Agbo tí ìjàlọ bá wọlé tọ̀ lóru kì í pẹ́ tó fi máa ń tán.

AṢỌ ÀTI ÈÉFÍN

Kí ẹ tó ra àpótí ni kí ẹ ti ra aṣọ. Aṣọ àwọ̀lékè funfun tó bo ara láti ọrùn dé ọrùn ẹsẹ̀, fìlà etí gbòòrò tó ní àwọ̀n ìbòjú, ìbọ̀wọ́ tó nípọn àti bàtà róbà. Ẹ yẹra fún aṣọ dúdú àti aṣọ onírun, àwọn ni oyin máa ń kọ́kọ́ dojú kọ. Ẹ má sì fín lọ́fínńdà.

Ohun èlò kejì ni agolo èéfín tó ní ẹwìrì. Iṣẹ́ méjì ni èéfín ń ṣe: ó ń bo òórùn tí oyin fi ń pe ara wọn síjà mọ́lẹ̀, ó sì ń mú kí wọ́n rò pé iná ń bọ̀, kí wọ́n wá máa mu oyin yó. Èèpo àgbọn gbígbẹ, ṣùkù àgbàdo, kùúkù igi tàbí koríko gbígbẹ ni kí ẹ fi sínú rẹ̀. Ẹ má ṣe lo kẹrosíìnì, ọ̀rá tàbí táyà. Èéfín tútù lẹ fẹ́, ẹ kò fẹ́ iná.

BÍ OYIN ṢE Ń WỌLÉ ÀTI BÍ A ṢE Ń ṢỌ́ Ọ

A kì í sábà ra agbo oyin nílẹ̀ wa, ńṣe là ń dẹ àpótí dè é. Ẹ gbé e síta ní oṣù kẹwàá sí ìkejìlá, nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀. Ẹ fi ìda pa inú rẹ̀, kí ẹ sì fi koríko ọba, èyí tí a ń pè ní ewé tíì, nu ògiri rẹ̀. Òórùn rẹ̀ jọ èyí tí oyin fi ń pe ẹgbẹ́ rẹ̀ wálé. Lẹ́yìn náà, ẹ fi sílẹ̀. Ó lè gba ọjọ́ díẹ̀, ó lè gba oṣù mélòó kan.

Bí wọ́n bá ti wọlé, ẹ má ṣí i fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ayaba lè fìdí múlẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, ẹ máa wò ó láti ìta lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Oyin tó ń gbé ìyẹ̀fun òdòdó wọlé ní ẹsẹ̀ fi hàn pé ọmọ ń bẹ nínú ilé. Bí ẹ bá fẹ́ ṣí i, lẹ́ẹ̀kan lóṣù ti tó, kó jẹ́ ìrọ̀lẹ́, kí ẹ sì jẹ́ méjì. Ohun tí ẹ óò máa wò ni èèrà, ọ̀bọ̀ǹbọ̀n kékeré inú ilé oyin, àti ìdin àfòpiná tó ń jẹ ìda. Agbo tó lágbára máa ń lé wọn fúnra rẹ̀. Kòkòrò Varroa tó ń fa ara oyin mu náà ti wà ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n oyin ilẹ̀ wa máa ń fara dà á ju ti àwọn aláwọ̀ funfun lọ. Ẹ má kánjú da oògùn sínú àpótí.

Ewé Akíntọ́lá tó ń tanná nínú ọ̀gbẹlẹ̀, máńgòrò, ọsàn, kajú àti irúgbá wà lára ohun tí oyin ń jẹ. Nítorí náà, oṣù kejì sí ìkẹrin ni ìkórè máa ń dára jù. Afárá tí oyin ti fi ìda dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ ó kéré tán nìkan ni kí ẹ gé. Oyin tí wọn kò tíì dé, omi inú rẹ̀ pọ̀, yóò kan. Ìlànà àgbáyé kò gba omi tó ju ìdá 20 nínú 100 lọ. Ẹ má fọwọ́ kan afárá tí ọmọ wà nínú rẹ̀. Ẹ sì fi afárá oyin díẹ̀ sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ọmọ, ìyẹn ni wọn yóò jẹ nígbà òjò. Ẹni tó bá kó o tán ni agbo rẹ̀ máa ń ṣí lọ.

Ẹ fi aṣọ mímọ́ sẹ́ oyin sínú ike tó gbẹ. Ẹ má sè é, ẹ má sì bu omi sí i.

BÍ OYIN BÁ TA ÈÈYÀN, ÀTI BÍ WỌ́N BÁ WỌ ILÉ

Ẹ fi èékánná ha abẹ́rẹ́ oró náà kúrò lójú ẹsẹ̀, nítorí pé oró ṣì ń wọlé níwọ̀n ìgbà tó bá wà nínú ara. Ẹ fi omi tútù sí ojú ibẹ̀. Ṣùgbọ́n bí èémí bá ń ṣòro fún ẹni náà, tí ètè tàbí ahọ́n rẹ̀ ń wú, tí òòyì ń kọ́ ọ, ilé ìwòsàn ló kàn láìfi àkókò ṣòfò, ì báà jẹ́ Adéọ̀yọ́ ní Yemẹtù tàbí UCH, èyí tó bá sún mọ́ yín. Ẹni tó bá ti rí irú èyí rí, kó má sin oyin.

Bí agbo bá wọ òrùlé ilé ní ìgboro, ẹ má da epo bẹntiróòlù sí i. Iná kan ṣoṣo lè jó agboolé mẹ́ta. Ẹ kó ọmọdé àti ẹran kúrò níbẹ̀, kí ẹ pe ẹni tó mọ iṣẹ́ náà. Yóò fín èéfín sí i nírọ̀lẹ́, yóò gé afárá, yóò fi okùn so èyí tí ọmọ wà nínú rẹ̀ mọ́ igi ìdábùú, yóò sì gbé gbogbo wọn lọ sóko. Bí ayaba bá ti wà nínú àpótí, àwọn ìyókù yóò tẹ̀ lé e. Àwọn tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí lè bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè wọn láti ilé ẹ̀kọ́ gíga nípa igbó tó wà lábẹ́ ilé iṣẹ́ ìwádìí igbó ní Jẹ́ríkò, níbí ní Ìbàdàn.

Ọ̀rọ̀ kan kù. Kò sí ìsọmọlórúkọ Yorùbá tí oyin kì í bá pé. Ṣùgbọ́n ẹ má fi kan ọmọ tuntun lẹ́nu. Oyin tó mọ́ pàápàá lè ní kòkòrò àrùn kan tí kì í ṣe àgbà ní nǹkan, tó sì lè sọ iṣan ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan di aláìlágbára, kó má lè mí dáadáa. Kí ìyá, bàbá àti ẹbí lá a lórúkọ ọmọ, adùn rẹ̀ yóò kàn án náà.

Ẹni tó bá fún oyin ní ilé tó bá a mu, níbi tó bá a mu, tó sì mọ ìgbà tó yẹ kó dáwọ́ dúró, kò ní wo ẹnu àáké mọ́ kó tó lá oyin. Ọdọọdún ni yóò máa lá a.